Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Ibà

Ìyá Onílé ló kọ́kọ́ pè wọ́n ní àwọn tó ń ka òkú, orúkọ náà sì ti mọ́ wọn lára kí wọ́n tó dé ojúlé kẹta. Obìnrin méjì ni wọ́n, àwọn méjèèjì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé fóònù fífẹ̀ bíi pátákó lọ́wọ́, wọ́n ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè iye ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí wọ́n bí, àti ẹni tó kú. Wọ́n ní ìjọba ló rán àwọn, pé ó fẹ́ mọ bí ara àwọn ará ìlú ṣe le tó. Àdúgbò kò gbà wọ́n gbọ́. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe nígun òpópónà ní owó orí ni wọ́n ń dọ́gbọ́n wá, ó sì yọ ọmọ méjì kúrò nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin tó ń ta èédú ní òdìkejì títì gbọ́ pé ìrẹsì ni wọ́n fẹ́ pín, ó sì kó àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ kún tirẹ̀. Ìyá Onílé ní tirẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri àgbàlá, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ká má tilẹ̀ wá sọ pé à ń ka òkú fún ẹni tó sin ín.

Aránṣọ, tó háyà yàrá nílé Ìyá Onílé, kò ráyè gbọ́ tiwọn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wọlé padà lọ́jọ́ Ajé, aṣọ ilé ìwé sì kún ilẹ̀ yàrá iwájú. Òmíràn kò tíì lápá, òmíràn kò tíì lọ́rùn. Yàrá yẹn náà ni ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni pálọ̀, òun náà sì ni ibi tí Màmá, ìyá rẹ̀, máa ń jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Àbúrò Aránṣọ, tí í ṣe àbíkẹ́yìn Màmá, ki ẹsẹ̀ wíwú bọ inú abọ́ omi tútù, ó sì gbé kọ́ọ̀bù tíì lé ikùn bí ẹni gbé e sórí tábìlì. Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ó dàgbà, ó ga ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ Kékeré náà ló ń jẹ́. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, oṣù rẹ̀ sì ti pé.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wọlé, èkejì sì lọ sí ilé tó tẹ̀ lé e. Ó kí Màmá tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó kí aláboyún, ó wá jókòó sórí àga tí Aránṣọ kó aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò le. Aránṣọ ń dá a lóhùn, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn mẹ́rin ló ń gbé ilé náà báyìí, pé ọkọ òun ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò sí nílé, pé ọkọ Kékeré ni kápẹ́ńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìparí títì. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó kú ní ọdún tó kọjá.

Obìnrin náà dúpẹ́. Ó ní ó ku ìbéèrè kan tí àwọn máa ń bi àwọn obìnrin nípa àwọn tí wọ́n jọ jáde nínú ìyá kan náà. Ọmọbìnrin mélòó ni ìyá wọn bí, àti àwọn tó wà àti àwọn tí kò sí mọ́?

Aránṣọ ní mẹ́ta. Òun, Kékeré tó jókòó yìí, àti ẹ̀gbọ́n àwọn pátápátá, Àǹtí Àgbà. Àǹtí Àgbà ti kú tipẹ́. Ó ti wà nílé ọkọ nígbà náà. Òun Aránṣọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, Kékeré kò sì tíì gbọ́n rárá.

"Nígbà tó kú," obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà, "ṣé ó wà nínú oyún ni? Àbí ìgbà tó ń rọbí? Àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tí kò tíì tó oṣù méjì?"

"Rárá o. Ibà ló pa á."

Bí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn láti kékeré, bó sì ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀wà tó ti ń bọ́ sínú abọ́ lẹ́bàá fèrèsé, tó, tó, tó, ni kò bọ́ mọ́. Obìnrin aláṣọ ewé náà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó yíjú sí Màmá, ó ní, "Ìyá mi, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Ọmọ ti dá yín lóhùn," Màmá wí. "Kí lẹ tún ń bi mí sí?"

Obìnrin náà kò bi í mọ́. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé òun mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í dùn létí. Ẹni tó bá kú sí ọsibítù, ọsibítù á mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú sínú ilé, àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó pa á. Bí wọn ò bá wí, bí ẹni pé kò gbé ayé rí ni. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ojúgbà òun kú, níbo ni yóò ti gbọ́ òwe náà? Ó tún dúpẹ́, ó bá Kékeré ṣe àdúrà pé yóò sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ó sì jáde. Kékeré ní òun fẹ́ràn ìwà rẹ̀, pé bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù ń sọ̀rọ̀ ni, òun ì bá ti gbé ẹní òun lọ síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ilé náà kò ti rọgbọ mọ́. Màmá gbé ẹ̀wà kaná, ó sì lọ jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ nínú yàrá. Òórùn ìjóná ló sọ fún Aránṣọ pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ iná. Ó sáré ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó gbé ìkòkò sọ̀. Ìdí ẹ̀wà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Màmá kò jẹ́ kí ẹ̀wà jóná rí. Òun kan náà ló máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ́ kí oúnjẹ jóná, oorun ló ń sùn. Aránṣọ bínú. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, aboyún wà nílẹ̀, ebi wà nílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ọmọ sọ sí ìyá, ó ń retí kí Màmá dá a padà lọ́nà méjì, bí ìṣe rẹ̀. Màmá kan jókòó, ó ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Aránṣọ ra búrẹ́dì àti ẹyin, wọ́n fi rọ́pò ẹ̀wà. Kékeré jẹ tirẹ̀, ó jẹ nínú ti Màmá tí Màmá kò fọwọ́ kàn. Ibi tó ti ń lá òróró ọwọ́ rẹ̀ ló ti dákẹ́ lójijì, tó fi ọwọ́ kejì di ẹ̀yìn mú. Ó ní ó dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ń ro òun láti àná, òun kò fẹ́ sọ ni. Nígbà tó dìde láti lọ fọ ọwọ́, omi ya sílẹ̀ láàárín àwọn aṣọ ilé ìwé.

Aránṣọ kó aṣọ, ó nu ilẹ̀, ó ké sí olóèédú ní òdìkejì pé kó bá òun pe Kápẹ́ńtà. Kò pẹ́ tó fi dé, lẹ́búlẹ́bú pákó ní irun, pẹ́ńsùlù létí. Ayọ̀ àti ìbẹ̀rù dà pọ̀ lójú rẹ̀ tó fi dà bí ẹni tó fẹ́ sín. Gbogbo nǹkan ló ti wà ní sẹpẹ́: báàgì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ ọmọ wà nínú rẹ̀. Ilé Agbẹ̀bí kò jìnnà, òpópónà kejì sí tiwọn ni. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ wá sáyé. Dípò owó iṣẹ́ rẹ̀, Kápẹ́ńtà ti kan bẹ́ẹ̀dì kan fún un, bẹ́ẹ̀dì igi líle tí ibi orí rẹ̀ ṣeé gbé sókè, tó ní ibi tí aláboyún lè fi ọwọ́ méjèèjì dì mú bí ìrora bá dé. Ó ti fi sáńpépà ra á títí tó fi ń dán bí ara ọmọ. Tẹ̀rùtẹ̀rù ló máa ń fi han àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ńṣe ló ń fi yangàn. Kò sí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tó tó o, ló máa ń wí. Ọsibítù, wọ́n ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró láti ìdájí, oòrùn pa wọ́n, ìgbà tó sì kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì kan bú Kékeré bí ẹni bú olè nítorí pé ó pẹ́ kó tó wá gba káàdì. Kápẹ́ńtà gba káàdì náà, ṣùgbọ́n ó búra pé aya òun kò ní padà síbẹ̀.

Wọ́n fi Kékeré sáàárín, wọ́n mú báàgì, ó ku kí wọ́n jáde. Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní wọn kò ní í lọ sọ́dọ̀ Agbẹ̀bí. Ó ní ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ.

Kápẹ́ńtà kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó bẹ Màmá pé kó jọ̀ọ́ fún àwọn lọ́nà. Nígbà tó rí i pé Màmá kò yẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó rán an létí pé òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nínú yàrá yìí, kí òun tó fi ayùn kan igi bẹ́ẹ̀dì náà, Màmá sì ní ohun tí àwọn bá fẹ́ ni kí àwọn ṣe. Kí ló ti wá yí padà láti àárọ̀? Ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ìyá Onílé gbọ́, ó sì wọlé, nítorí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ nílé òun kó má bá òun níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀, àwọn tó ń ka òkú yẹn ló da Màmá lọ́kàn rú. Òun ti wí i pé wọ́n á kó ẹ̀rù bọlé. Ó bá Kápẹ́ńtà bẹ Màmá. Aránṣọ náà bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ kan èjìká ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ara ń ni ọmọ yín."

Màmá jókòó sílẹ̀ pẹrẹsẹ lójú ọ̀nà, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ dí i.

"Kì í ṣe ibà," ló wí.

Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà yé. Ó tún un sọ, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Àǹtí yín. Kì í ṣe ibà ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ti bímọ tán, àwa ń yọ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, mo lọ bu omi wá. Ìgbà tí mo fi dé, ẹ̀jẹ̀ ti gba gbogbo ibùsùn. A ń fi aṣọ dí i, a ń fi aṣọ dí i. Omi tí mo bù, kò mu ún."

Kápẹ́ńtà gbé báàgì sílẹ̀.

"Ọmọ náà ńkọ́?" Aránṣọ bi í. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun máa bi í.

"Ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀." Màmá gbé ojú sókè. "Àbúrò tèmi náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Èmi alára, nígbà tí mo bí Kékeré yìí, díẹ̀ ló kù. Inú ilé wa ló wà. Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti lóyún ni mo ti mọ̀, n kò sùn dáadáa rí."

Aránṣọ bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi pè é ní ibà. Màmá ní àwọn ará ilé ọkọ Àǹtí Àgbà ló kọ́kọ́ wí i, pé kí gbogbo ẹnu kó lórí ọ̀rọ̀ kan. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń pa obìnrin nílé yìí, wọ́n á ní ilé burúkú ni, kò sì sẹ́ni tí yóò wá fẹ́ ọmọ níbẹ̀ mọ́. Ó ní ọmọbìnrin méjì ló ṣẹ́kù fún òun. Ó ní òun pè é ní ibà kí wọ́n lè rílé ọkọ wọ̀.

Ìyá Onílé ṣí ẹnu láti wí pé a kì í sọ irú èyí létí ìgbọ́ aboyún, ó wo Kékeré, ó sì pa ẹnu náà dé. Kápẹ́ńtà di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà..." Kò lè parí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí òwe náà rọ̀ síbẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ ibi tó kù.

Kékeré ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ti dì mọ́ máṣíìnì, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ bá ara wọn sọ ọ́ di alẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé òun ti ń bímọ lọ ní tòun.

Bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà àbáyọ ni Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ wọlé. Olóèédú ti sáré lọ sọ fún un pé omi ti já. Arúgbó kékeré kan ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ó ní ṣebí òun bi í, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú Kékeré wá, bóyá nǹkan kan wà nínú ẹbí tó yẹ kí òun mọ̀? Agbẹ̀bí náà kò tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìde, ó yíjú sí Kápẹ́ńtà.

"Ẹ wá ọkọ̀. Mo mọ ibi tí agbára mi mọ. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró gbọ́ àlàyé, oògùn tí wọ́n fi ń dá a dúró ò sì sí lọ́wọ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?" Kápẹ́ńtà bi í, bí ọmọdé.

"Bẹ́ẹ̀dì ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ. Ẹlòmíràn á bí sórí rẹ̀."

Ọkọ̀ tó wà nítòsí kò ju ti oníbúrẹ́dì lọ, tó ń já ọjà sí ṣọ́ọ̀bù igun títì. Kò jiyàn. Ó kó àwọn páálí búrẹ́dì tó kù jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe bá a gbé e, Ìyá Onílé sì sáré mú aṣọ ibùsùn funfun méjì wá láti inú yàrá rẹ̀, aṣọ tí kò jẹ́ fún àlejò. Títí ọkọ̀ fi gbéra ló ṣì ń bínú sí àwọn tó ń ka òkú, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ aṣọ náà sábẹ́ Kékeré. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná kún inú ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, nígbà tí ìrora bá dá díẹ̀, Kékeré a ní òun ò lè jẹ búrẹ́dì mọ́ láyé òun. Aránṣọ jókòó síbi orí rẹ̀, Màmá síbi ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì kò wo ojú ara wọn. Inú ń bí Aránṣọ, kò sì mọ ẹni tí ì bá bínú sí: ìyá rẹ̀ ni, àbí àwọn ará ilé ọkọ Àǹtí Àgbà tí wọ́n ti kú, àbí òun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ ibà, ibà, láì bi ẹnikẹ́ni pé irú ibà wo.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó pàdé wọn gba káàdì, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gba káàdì, níbo ni wọ́n wà? Ṣé ìgbà tí orí ọmọ bá ti fẹ́ jáde ni wọ́n máa ń rántí ọ̀nà ọsibítù? Kápẹ́ńtà ti fa èémí sínú láti fún un lésì. Aránṣọ náà ti múra. Màmá ló kọjá láàárín àwọn méjèèjì, ó dúró níwájú nọ́ọ̀sì náà, kò ga ju èjìká rẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi àkọ́bí kú sí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ," ló wí. "Àbúrò mi náà. Èmi gan-an, díẹ̀ ló kù. Mo ní kí ẹ mọ̀."

Ojú nọ́ọ̀sì náà yí padà. Ìbínú kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ nù ún. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ." Kò tún bi wọ́n níbi tí wọ́n wà. Ó ké pe ẹnì kejì rẹ̀, ó ní kó lọ sọ fún dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Kékeré wò, kí wọ́n wá irú tirẹ̀ sílẹ̀, kí abẹ́rẹ́ wà ní sẹpẹ́ kí ọmọ tó yọjú. Wọ́n gbé Kékeré wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Wọ́n ní kí ẹnì kan nínú ẹbí fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n bá lò. Kápẹ́ńtà, tí ayùn ti ya ọwọ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà tí kò sọ̀rọ̀, rí abẹ́rẹ́, ó sì yíjú sí ògiri. Ó bi ẹni tó ń fà á bóyá ó ti kún. Ẹni náà ní kò tíì gún un. Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ya òun alára lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró. Ìdúró ọsibítù kò dà bí ìdúró ibòmíràn. Gbogbo ìró bàtà ló ń bọ̀ wá bá ẹ. Wọ́n gbọ́ igbe Kékeré, wọ́n gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì tó ń gbà á níyànjú, wọ́n wá gbọ́ igbe mìíràn, tín-ín-rín, tó kún fún ìbínú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kápẹ́ńtà fò dìde. Màmá kò dìde. Ó di ọwọ́ Aránṣọ mú, ó ní, "Ó kù."

Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹnì kan jáde, kò wò wọ́n, ó padà tòun ti àpò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà wọlé. Kápẹ́ńtà fi orí ti ògiri. Aránṣọ rántí fóònù obìnrin aláṣọ ewé yẹn. Nínú rẹ̀, títí di ìsinsìnyí, Àǹtí Àgbà kú ikú ibà. Ìyá rẹ̀ ló fi ahọ́n pa á lẹ́ẹ̀kejì, òun sì tún fi ahọ́n tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ilé mélòó ni obìnrin náà ti wọ̀ lónìí? Ibà mélòó ló wà nínú fóònù yẹn tí kì í ṣe ibà, tí kò sí ẹni tí yóò wá oògùn rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti fún un lórúkọ ohun mìíràn? Ó pinnu pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun á wá a lọ sí àdúgbò tó bá kàn, òun á sì yí ìdáhùn òun padà.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ bú wọn ló ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí iwájú aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," ló wí. "Obìnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bá wa lórí ìdúró. Ó ti dá. Ó ti ń bi wá léèrè ẹni tí ọmọ òun jọ."

Kápẹ́ńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Màmá kò sunkún. Ó mí, èémí gígùn kan tó dà bí ẹni pé láti ọdún yẹn ló ti ń gbé e pamọ́ sínú àyà.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọlé, Kékeré dùbúlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, okùn omi àti ti ẹ̀jẹ̀ ń wọ apá rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ náà wà ní àyà rẹ̀, wọ́n wé e bí ìdì aṣọ. Ó tún béèrè: ta ló jọ? Kápẹ́ńtà ní òun ló jọ. Aránṣọ ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ọmọ náà títí.

"Àǹtí rẹ ló jọ," ló wí. "Imú yìí gan-an ni. Ó máa ń fi imú yìí rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀."

Wọn kò gbọ́ kí Màmá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń bá a lọ. Ó ní Àǹtí Àgbà kò mọ orin í kọ, ṣùgbọ́n kò lè fọ abọ́ láìkọrin. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan báyìí ló gbé Aránṣọ pọ̀n lọ sí ibi iṣẹ́, tó sì gbàgbé pé òun pọ̀n ọn, tó ń wá a káàkiri. Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, nọ́ọ̀sì sì ní kí wọ́n rọra, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an ni. Aránṣọ nìkan ló ń sunkún níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ìbínú tó gbé wọ ọkọ̀ kò tán, ṣùgbọ́n ó ti fúyẹ́, ó di ohun tí ènìyàn lè gbé lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, oorun gbé Kékeré lọ, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù jáde. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó tó Màmá lọ́jọ́ orí, ó gbé báàgì aṣọ ọmọ lé itan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Ó kí wọn, wọ́n kí i. Aránṣọ rò pé wọ́n fẹ́ máa lọ. Màmá ní kí ó dúró ná, ó sì lọ jókòó ti obìnrin náà, ó sún mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ti mọra tipẹ́.

"Ẹ má bínú sí mi o," Màmá wí jẹ́jẹ́. "Nínú ilé tiyín, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí kí ẹnì kan bímọ tán kí ẹ̀jẹ̀ sì mú un lọ?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀, ó yí okùn báàgì náà mọ́ ìka, ó tú u, ó tún yí i. Màmá kò kán an lójú. Ó kan jókòó tì í, ó ń dúró.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ obìnrin náà gbé báàgì sílẹ̀, ó dìde, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì.